Aboakyer: Kí ni mímú àgbọ̀nrín láàyè jẹ́ fún ọdẹ Winneba ní Ghana?

Bí ọdẹ bá wọ igbó láìgbé ìbọn, láìdẹ tàkúté, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ lásán ló fẹ́ fi mú ẹran, ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé eré ló ń ṣe.

Bí wọ́n bá tún sọ fún yín pé ẹran náà gbọ́dọ̀ dé ilé láàyè, pé ọdẹ náà kò gbọdọ̀ tà á, kò sì ní gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀ láti fi se ọbẹ̀, ẹ lè béèrè pé kí wá ni èrè irú ọdẹ bẹ́ẹ̀.

Ní Winneba, ìlú kan tó wà létí òkun lórílẹ̀-èdè Ghana, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe irú ọdẹ yìí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún ni ọjọ́ rẹ̀. Aboakyer ni wọ́n ń pè é.

Ẹgbẹ́ méjì ló máa ń wọ igbó lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ mú àgbọ̀nrín wálé láàyè, tó gbé e síwájú ọba, ló borí.

Àwọn arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ òkèèrè máa ń wá wo ọdún yìí. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi náà a máa wálé nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìròyìn nípa rẹ̀ ló máa ń dá lórí ìlù, aṣọ àti èrò tó pọ̀ bí omi. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń sáré wọ igbó gan-an, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ igbó Winneba fi kan ọdẹ náà lára.

Àwọn wo ni Effutu?

Winneba wà ní ẹkùn Central Region, lójú ọ̀nà tó lọ láti Accra sí Cape Coast. Ẹ̀yà Effutu ló ni ìlú náà, Simpa sì ni wọ́n fúnra wọn ń pè é.

Ìtàn wọn sọ pé láti apá Timbuktu, ní òkè lọ́hùn-ún níbi tí aṣálẹ̀ Sàhárà ti bẹ̀rẹ̀, ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá. Osimpam àti Bondzie Abe wà lára àwọn tí ìtàn náà sọ pé ó síwájú wọn. Láti ara orúkọ Osimpam ni wọ́n ti mú Simpa.

Ní ti Winneba, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn atukọ̀ òyìnbó ló fún ìlú náà lórúkọ yìí, nítorí afẹ́fẹ́ tó máa ń fẹ́ létí òkun ibẹ̀.

Effutu wà lára àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Guan, àmọ́ àwọn Fante ló yí wọn ká. Èdè Fante ni orúkọ ọdún náà ti wá. "Aboa" ni ẹranko, "kyer" ni kí èèyàn mú nǹkan. Ìtumọ̀ Aboakyer ni ẹranko mímú.

Ẹja pípa ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ ìlú náà mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ náà wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń wọ igbó lọ́jọ́ Aboakyer ni ọdẹ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fa àwọ̀n lánàá lè di ọdẹ lónìí, kó sì padà sídìí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Irú ẹran wo ni wọ́n ń mú?

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, "Deer Hunt Festival" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọdún yìí. Ṣùgbọ́n ẹran tí òyìnbó ń pè ní "deer" gan-an kò sí nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní gbogbo Áfíríkà, apá àríwá pátápátá, ní Algeria àti Tunisia, ni irú rẹ̀ wà.

Ẹran tí wọ́n ń mú ní Winneba ni èyí tí òyìnbó ń pè ní "bushbuck". Òun ni àwa Yorùbá ń pè ní àgbọ̀nrín, tí àwọn mìíràn tún ń pè ní ìgalà. Ìdílé kan náà ni òun àti màlúù pẹ̀lú ewúrẹ́ ti wá.

Ẹ lè mọ ìyàtọ̀ náà lára ìwo. Ìwo "deer" ilẹ̀ òyìnbó máa ń já bọ́ lọ́dọọdún, tí òmíràn á sì hù. Ìwo àgbọ̀nrín kì í já bọ́, akọ nìkan ló sì ń ní in.

Àwọ̀ àgbọ̀nrín pupa, ìlà àti tótòtó funfun sì wà lára rẹ̀. Ó máa ń dá rìn ni, kì í tò lọ́wọ̀ọ́ bíi ti àwọn ẹran ọ̀dàn. Ibi tí igbó bá ti dí, tí kò sì jìnnà sí omi, ló fẹ́ràn láti máa gbé.

Bó bá fura pé ènìyàn ń bọ̀, ó lè dúró gbagidi láìmira títí onítọ̀hún yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá wá já, kíá ni yóò ti wọ inú ìtàkùn. Bó bá ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lólobó, ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ajá bá gbó.

Ẹ má rò pé ẹran jẹ́jẹ́ ni o. Akọ àgbọ̀nrín tí wọ́n bá há mọ́ ibi kan lè fi ìwo gún ènìyàn yánnayànna. Ẹran yìí ni àwọn ọdẹ Winneba ń fi ọwọ́ dì mú.

Láti orí ènìyàn dé orí ẹkùn, títí dé orí àgbọ̀nrín

Kí ó tó yé wa ìdí tí ẹran náà fi gbọ́dọ̀ wà láàyè, ó yẹ ká mọ ẹni tí wọ́n ń mú un lọ fún.

Penkye Otu ni orúkọ òrìṣà tí àwọn Effutu ní ó sin àwọn baba ńlá wọn wá láti ibi tí wọ́n ti ṣí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ènìyàn ni òrìṣà náà kọ́kọ́ ń gbà lọ́dọọdún, inú ìdílé ọba sì ni ẹni náà ti gbọ́dọ̀ wá.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú àwọn ènìyàn. Wọ́n bẹ òrìṣà pé kó gba nǹkan mìíràn. Ẹkùn ló wá béèrè, ó sì ní láàyè ni kí wọ́n máa mú un wá.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí ènìyàn máa fi ọwọ́ mú ẹkùn láàyè. Ìtàn náà sọ pé ọ̀pọ̀ ló farapa, tí ẹ̀mí sì bá a lọ. Wọ́n tún bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ ni òrìṣà ti wá gbà pé kí wọ́n máa mú àgbọ̀nrín wá.

Àwọn onímọ̀ tó ti kọ̀wé nípa Aboakyer kò gba ìtàn yìí ní ọ̀nà kan náà. Ṣùgbọ́n fún ọdẹ tó ń wọ igbó, ohun tó wà nínú rẹ̀ yé e yékéyéké. Àgbọ̀nrín náà dúró nípò ènìyàn.

Tí ẹ bá fi ojú yìí wò ó, ẹ ó rí i pé ẹni tó mú ẹran náà ń san gbèsè kan tí ó bá níbẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ fi ẹ̀mí san.

Ẹgbẹ́ bàbá ẹni

Àwọn ẹgbẹ́ méjì tó ń díje náà ni Tuafo, tó jẹ́ ẹgbẹ́ kìíní, àti Dentsifo, tó jẹ́ ẹgbẹ́ kejì. Asafo ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ létí òkun Ghana. "Sa" nínú orúkọ náà ni ogun, "fo" sì ni àwọn ènìyàn.

Láyé àtijọ́, àwọn Asafo ni ọmọ ogun ìlú. Àwọn ló ń dáàbò bo ìlú bí ogun bá dé, àwọn náà ló ń jáde bí iná bá sọ tàbí bí ènìyàn bá sọnù sínú igbó tàbí sójú òkun. Àsìá wọn, ìlù wọn àti orin wọn ṣì gbé àmì ogun títí dòní.

Aṣọ ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Tuafo máa ń wọ aláwọ̀ búlúù àti funfun, Dentsifo sì máa ń wọ pupa àti àwọ̀ wúrà.

Ẹgbẹ́ méjèèjì yìí kò rí bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ènìyàn lè yàn fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ bàbá ẹni ni ẹgbẹ́ ẹni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Tuafo, Tuafo ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bí ìyá rẹ̀ bá wá láti ilé Dentsifo, èyí kò yí i padà.

Èyí já sí pé lọ́jọ́ Aboakyer, ọkùnrin kan lè máa bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ díje. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tu ọkọ̀ ní gbogbo ọdún ló ń lérí sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, wọ́n á tún jọ wọ ọkọ̀.

Fún ọdẹ kọ̀ọ̀kan, ibí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Igbó tó ń wọ̀ ni bàbá rẹ̀ wọ̀. Àwọ̀ tó wà lára aṣọ rẹ̀ ni bàbá bàbá rẹ̀ wọ̀. Bó bá dúró sílé láìsí ìdí tó lágbára, òun ló kọ́kọ́ já okùn náà.

Báwo ni ọjọ́ náà ṣe ń lọ?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti ń jí. Ìwẹ̀nùmọ́ ló máa ń ṣáájú: omi òkun àti ewé wà lára ohun tí wọ́n fi ń pèsè ara wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ síwájú òrìṣà àti ọba.

Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á forí lé apá igbó tirẹ̀. Wọ́n á máa kọrin ogun lọ, wọ́n á máa lu agogo àti ìlù.

Ọ̀pá àti kùmọ̀ lè wà lọ́wọ́ àwọn kan láti fi ti koríko àti láti fi pariwo. Ìbọn kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á tò, wọ́n á fẹ̀ káàkiri, wọ́n á wá máa fi ariwo lé ohun tó bá wà nínú igbó síwájú.

Àgbọ̀nrín tó ti dúró gbagidi á gbọ́ ariwo lápá ọ̀tún, á gbọ́ lápá òsì. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á mọ́, á já. Ẹni tó bá wà níbi tó já sí ni iṣẹ́ bá dé bá.

Ìṣẹ́jú yẹn kò fún ènìyàn láyè àti ronú. Bó bá yẹ̀ fún un, ẹran lọ nìyẹn, ojú gbogbo ẹgbẹ́ á sì wà lára rẹ̀. Bó bá bọ́ sí i lára, ìwo àti pátákò ló máa kọ́kọ́ pàdé. Ó gbọ́dọ̀ dì í mú gírígírí títí àwọn yòókù yóò fi dé, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ pa á.

Bí wọ́n bá ti dè é, wọ́n á gbé e lé èjìká, wọ́n á máa sáré bọ̀ nílé. Ibi tí Omanhene, ìyẹn ọba ìlú, àti àwọn ìjòyè jókòó sí ni wọ́n ń gbé e lọ tààrà.

Bí wọ́n bá ti gbé ẹran sílẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wà láàyè. Lẹ́yìn náà ni ọba á bọ́ bàtà rẹ̀, á sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹran náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ariwo á sọ. Ẹgbẹ́ tó borí á gbé ẹran wọn káàkiri ìlú kí wọ́n tó lọ síbi òrìṣà, wọ́n á sì máa fi orin bú ẹgbẹ́ kejì.

Kí ni ó wá kan ọdẹ náà fúnra rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹran náà kì í ṣe ti ẹni tó mú un. Penkye Otu ni wọ́n ń fi rúbọ sí. Ọdẹ náà kò ní owó kan tó ń gbà lórí rẹ̀ bí ẹni tó ta ẹran ìgbẹ́ lójú ọ̀nà.

Èrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni orúkọ. Nínú ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, ọkùnrin tó di àgbọ̀nrín mú lọ́dún kan kì í tún jẹ́ ẹni tí wọ́n ń béèrè pé ta ni. Àwọn ọmọ kékeré á máa nawọ́ sí i lójú ọ̀nà. Bó bá darúgbó, á ṣì máa rí ẹni tí yóò gbọ́ ìtàn ọjọ́ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò dá wà fún òun nìkan. Ẹgbẹ́ ló borí. Àwọn tó pariwo lápá kejì igbó, tí wọn kò tilẹ̀ rí ìrù ẹran náà, láwọn náà mú un. Bí wọn kò bá pariwo ni, ẹran kò ní já síbi tó já sí. Gbogbo ọdẹ ló mọ èyí, ìdí nìyí tí ẹni tó mú ẹran kì í fi í lè sọ pé òun nìkan ni òun ṣe é.

Ohun kejì ni ìdánwò. Ìbọn máa ń mú kí ọdẹ jìnnà sí ẹran. Ẹni tó wà lókèèrè lè yìnbọn, kó sì wá gbé òkú ẹran lẹ́yìn náà. Ẹni tó fi ọwọ́ mú àgbọ̀nrín kò ní irú àǹfààní yẹn. Ó gbọ́ bí ọkàn ẹran náà ṣe ń lù kìkì, ó rí ojú rẹ̀, ó sì mọ bí ó ṣe wúwo tó nígbà tó ń jà fún ẹ̀mí ara rẹ̀.

Irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ kì í sábà fojú kéré ẹran. Ó mọ̀ pé ẹran náà sa gbogbo agbára rẹ̀.

Ohun kẹta ni pé ó gbọ́dọ̀ fi ohun tó fi ẹ̀mí wá sílẹ̀. Bó bá ti dé iwájú ọba, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo. Kò sí ohun tó fi hàn lára rẹ̀ ju ọgbẹ́ àti ẹrẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ṣe ọdún yìí gbà pé ibẹ̀ gan-an ni iyì rẹ̀ wà: ó lọ fún gbogbo ìlú, kò lọ fún ikùn ara rẹ̀.

Àwọn tó pàdánù ńkọ́? Wọ́n á gbọ́ èébú lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì máa gbọ́ àwàdà rẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni ẹran ti bọ́, ọdún kan gùn.

Òkúta tó ń yí lórí ẹfun àti iyọ̀

Ọ̀rọ̀ kò parí síbi tí ọba ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹran. Ètò kan ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi hàn pé iṣẹ́ ọdẹ náà kan oúnjẹ ìlú.

Àwọn tó ti ṣe àkọsílẹ̀ ọdún yìí sọ pé wọ́n máa ń fa ìlà mẹ́rin sílẹ̀ níwájú òrìṣà. Ẹfun ni wọ́n fi ń fa ọ̀kan, amọ̀ pupa ni wọ́n fi ń fa èkejì, èédú ni wọ́n fi ń fa ẹ̀kẹta, iyọ̀ sì ni ẹ̀kẹrin. Wọ́n á wá yí òkúta kan sórí wọn.

Bí òkúta náà bá dúró lórí ẹfun, ọ̀dá ń bọ̀ nìyẹn. Bó bá dúró lórí amọ̀ pupa, ogun àti ìjà ni. Èédú túmọ̀ sí òjò púpọ̀. Iyọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń gbàdúrà fún, nítorí òun ló túmọ̀ sí oúnjẹ àti ẹja rẹpẹtẹ.

Oṣù Karùn-ún yìí, ìgbà òjò ni ní etí òkun Ghana. Ẹni tó jẹ́ àgbẹ̀ ń wo ojú ọ̀run, ẹni tó jẹ́ apẹja ń wo ojú omi. Ọdẹ tó mú àgbọ̀nrín lánàá lè jẹ́ ẹni tó ń dúró níbẹ̀ lónìí, tó ń retí pé kí òkúta dúró lórí iyọ̀, nítorí ẹja ni yóò fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé.

Bí wọn kò bá rí àgbọ̀nrín kankan mú lásìkò, àmì tí kò dára ni wọ́n kà á sí fún ọdún náà. Ẹrù yìí wà lórí gbogbo ọdẹ tó bá jáde lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Níbo ló ti bá ti ọdẹ Yorùbá mu?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá á ti máa fi méjì wé méjì. Ìyàtọ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdẹ Yorùbá ló ń dá wọ igbó lóru, pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ àti iná lórí. Ògún ni wọ́n ń bọ, ẹran tí wọ́n bá sì pa jẹ́ tiwọn, bí wọ́n tilẹ̀ ní àṣà bí wọ́n ṣe ń pín in.

Síbẹ̀, ohun méjì bára mu. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó mọ igbó náà ni ìlú ń sáré tọ̀ bí ewu bá dé. Ọdẹ Yorùbá ti ṣe ẹ̀ṣọ́ àti jagunjagun rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Asafo.

Èkejì ni orin. Ìjálá kì í ka iye náírà tí ọdẹ rí lórí ẹran. Ìwà ẹranko, ìdílé ọdẹ àti ìgboyà rẹ̀ ló máa ń kì. Orin ogun Tuafo àti Dentsifo náà kò dá lórí ìwọ̀n ẹran. Níbi méjèèjì, ọ̀nà tí ọdẹ gbà bá ẹran pàdé ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Igbó tó ń súnkì

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé kò sí Aboakyer láìsí àgbọ̀nrín, kò sì sí àgbọ̀nrín láìsí igbó.

Ilẹ̀ tí àwọn Effutu ti ń dọdẹ wà nínú agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Muni-Pomadze. Lọ́dún 1992, wọ́n fi agbègbè náà sínú àkójọ ibi olómi tó ṣe pàtàkì lágbàáyé lábẹ́ àdéhùn Ramsar. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 9,461.

Ọ̀sà kan wà níbẹ̀, igbó ọba kan tí wọ́n ń pè ní Yenku náà wà níbẹ̀. Àwọn ẹyẹ láti ilẹ̀ òkèèrè máa ń wá sinmi níbẹ̀, ìjàpá òkun sì máa ń yé ẹyin sí etí òkun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlú ń dàgbà. Ilé ń jáde níbi tí koríko wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń dáko, àwọn kan ń gé igi fún ìdáná, iná igbó sì máa ń jó lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ń fi ìbọn àti okùn pa ẹran fún títà náà wà nínú igbó kan náà, wọn kì í sì dúró de oṣù Karùn-ún.

Òfin Ghana ka pípa ọ̀pọ̀ ẹran ìgbẹ́ léèwọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdọọdún, kí ẹran lè ráyè bímọ kí wọ́n sì tọ́ ọmọ wọn. Aboakyer kò bọ́ sí àsìkò yìí. Ẹran tí ẹgbẹ́ méjèèjì sì ń mú kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí tàkúté ń pa.

Lágbàáyé, àgbọ̀nrín kò tíì wà lára àwọn ẹran tó fẹ́ parun. Ó wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹran tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn kò lè ṣe ọdún Winneba. Igbó tí bàbá wọ̀ ni ọmọ fẹ́ wọ̀.

Ẹ rántí ẹkùn inú ìtàn wọn. Ẹni tó bá wọ igbó etí òkun yẹn lónìí kò ní bá ẹkùn pàdé mọ́. Nígbà tí ẹkùn ṣòro, òrìṣà gba àgbọ̀nrín. Bí àgbọ̀nrín náà bá wá dàwátì, ìtàn kò tíì sọ ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Oyè, ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ ẹranko

Igbó nìkan kọ́ ni ìṣòro. Àríyànjiyàn ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn ìdílé tó ń jọba ní Winneba lórí ẹni tí oyè tọ́ sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná, ó máa ń kan ọdún náà, nítorí ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ ọba tí òun ń gbé ẹran lọ síwájú rẹ̀.

Lóṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba Ghana fòfin de ìpéjọpọ̀ nítorí àrùn Kòrónà. Lọ́dún yẹn, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò rí ọdún wọn ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Winneba ló jẹ́ Kristẹni. Àwọn kan nínú wọn gbà pé àwọn kò lè bá wọn lọ́wọ́ sí ohun tí wọ́n ń fi rúbọ sí òrìṣà. Àwọn mìíràn ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ bàbá wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tí wọ́n rí nínú ọdẹ náà ni ilé bàbá wọn, wọ́n fi ìrúbọ sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹranko náà lè béèrè pé ṣé ó yẹ kí wọ́n máa gbé ẹran tí ẹ̀rù ń bà káàkiri ìlú láàárín ariwo. Ìbéèrè náà tọ́. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí ọjọ́ ti ń lọ, àwọn ọmọ Effutu fúnra wọn ni yóò dáhùn rẹ̀, bí àwọn baba ńlá wọn ṣe bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí nǹkan fi yí padà.

Ta ló ni iṣẹ́ náà?

Àwọn ọdẹ tó ń fi ọwọ́ mú àgbọ̀nrín wà lára àwọn tó mọ igbó Winneba jù. Wọ́n mọ ibi tí ẹran ń sùn sí, ibi tó ti ń mu omi, àti ibi tí iná ti jó ilé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Bí igbó bá ti ń dínkù, àwọn ló kọ́kọ́ ń mọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ló ń rìn ín.

Nítorí náà, ọdẹ tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ aṣọ Tuafo tàbí Dentsifo lọ́jọ́ iwájú ní ìdí tirẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀ igbó fún ẹni tó ń kọ́lé, tàbí nígbà tí ẹnìkan bá ń dáná sun koríko. Kò sí òfin tó lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọkàn fún un ju ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn nínú oṣù Karùn-ún lọ.

Ọjọ́ kan péré ló ń fi mú àgbọ̀nrín. Ọjọ́ tó kù nínú ọdún ni yóò fi hàn bóyá òmíràn á wà fún ọmọ rẹ̀ láti mú.